Ọjọ́ Tí Bàálù Já ní Pálọ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí bàálù já ní pálọ̀ Oníbàálù. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà gan-an ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Aṣọ ni Oníbàálù ń rán. Kò wa bàálù rí, kò sì wọ̀ ọ́ rí. Àwòrán àwọn bàálù tí wọ́n fi jagun láyé àtijọ́ ló kó kún ara ògiri ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí páànù. Èyí tó tóbi jù, tí apá rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀, ló fi okùn kọ́ sókè àga ńlá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àwọn òbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ wá kí òun àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá ọkọ jókòó sórí àga yẹn, ó gbé omi tútù sẹ́nu, ni okùn bá já.

Páànù bọ́ sẹ́yìn àga, ó dún gbàgà!

“Yéè! Bàálù já o! Bàálù já!” Oníbàálù fi igbe ta.

Ẹni tó bá gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lójú pópó kò ní dúró béèrè pé bàálù wo. Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì gbé korobá iyanrìn, ó di eré. Obìnrin alágbàfọ̀ gbé bàsíà omi ọṣẹ tó wà níwájú rẹ̀, taṣọ-taṣọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, kò sí èéfín, kò sí iná, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbé omi sáré kì í fẹ́ gbé e padà. Alágbàfọ̀ da tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àga. Àna tó wà lórí àga ló gba omi náà.

Oníbàálù ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ṣé ó fara pa?”

Ojú ti ìyàwó rẹ̀. “‘Ó’ kẹ̀? Àna yín lẹ ń pè ní ‘ó’?”

“Ta ló ń sọ ti àna? Bàálù ni mò ń béèrè.”

Wọ́n ṣáà fẹ́ ọmọ náà. Àna ní ilé tí wọ́n ti wẹ òun tọṣẹ-tọṣẹ, òun ò lè pè é ní ilé àjèjì mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyàwó yìí, Nọ́ọ̀sì náà sì ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń pè é ní Ìyá Oníbàálù, kì í sì í dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ nínú ilé náà: àyè lára ògiri pálọ̀ tó lè gba àwòrán ìgbéyàwó wọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwòrán ọ̀hún wà, nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e.

“Ní sùúrù,” ọkọ rẹ̀ á ní. “Òkè ni àwòrán wa ṣì wà. Kò tíì ráyè balẹ̀ ni.”

“Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó?”

“Epo inú rẹ̀ pọ̀.”

Bó bá di ká nájà, ẹlẹ́ran-ara ò lè bá a du ú. Ọkùnrin tó ń ta àwòrán bàálù a máa wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Bàbá, bàálù ogun gidi lèyí o.”

“Ogun yẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́?”

“Rárá o, ó ti parí tipẹ́.”

“Ó ti parí, o wá ń ta á ní iye ìgbà ogun? Dín in kù, jàre.”

Bó bá ra ọ̀kan, á fa téèpù tó fi ń wọn oníbàárà yọ lọ́rùn, á wọn ògiri láti èjìká dé ìbàdí. Ó ní ògiri yàrá ìdáná sanra nísàlẹ̀, pé bàálù tó gùn ló máa bá a lára mu.

Ohun tó sì mú un fẹ́ràn bàálù kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ẹnìkan ló sọ fún un pé aṣọ ni wọ́n fi ń bo apá àwọn bàálù ogun àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà, Oníbàálù ò gbádùn mọ́. Á fa oníbàárà lọ síwájú bàálù ńlá náà, á tọ́ka sí ibi tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀ lápá rẹ̀. “Gbogbo ayé ń yin ẹni tó wà á. Ta ló rán apá? Télọ̀ ni! Bí ojú rírán yẹn bá tú lókè, kí lọ̀gá awabàálù fẹ́ ṣe?” Oníbàárà á ní òótọ́ ni, ṣòkòtò òun ńkọ́?

Nígbà tó yá, ọmọ wọn, tó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí àwọn méjèèjì wá kí òun. Oníbàálù wọ kóòtù tuntun. Ó dé ẹnu ọ̀nà bàálù, ó na ọwọ́ kan ara bàálù náà, ó dúró.

“Irin lásán nìyí! Ta ló rán an?”

“Wọn kì í rán an, sà,” ọmọbìnrin tó ń gba èrò wọlé dáhùn. “Wọ́n ń kàn án ni.”

“Èmi ò ní wọ ohun tí télọ̀ ò fọwọ́ sí.”

Nọ́ọ̀sì nìkan ló lọ. Ìgbà tó máa padà dé, bàálù mìíràn ti balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Àìsàn tó mú ọkùnrin náà lọ kò pẹ́ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló tọ́jú rẹ̀, lórí àga ńlá yẹn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó já gaara lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Okùn bàálù yìí tún ti ń gbó o.” Inú bí Nọ́ọ̀sì díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló ń retí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àlejò tú ká, ilé dákẹ́. Nọ́ọ̀sì fa àwòrán ìgbéyàwó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ògiri ti di tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà sí i. Ó gun orí àga, ó fọwọ́ kan bàálù ńlá náà báyìí, okùn gbígbó já, páànù lulẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti pariwo:

“Yéè! Bàálù já o!”

Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe ké e lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ ló ké e.

Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tó gbé omi wá lọ́tẹ̀ yìí. Òòlù àti ìṣó ni Káfíńtà mú lọ́wọ́; alágbàfọ̀ gé lára okùn tó fi ń sá aṣọ, ó mú un dání. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ó fara pa?” Káfíńtà rọra béèrè.

Nọ́ọ̀sì gbé páànù náà lé itan, ó fọwọ́ pa á yíká. “Kò fara pa.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi, kò sì fi pa mọ́ fún wọn.

Nígbà tó nu ojú tán, Káfíńtà béèrè pé, “Níbo ni ká wá gbé e sí?”

“Ibi tó wà náà ni.”

“Tiyín tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Ẹ kàn án sábẹ́ apá rẹ̀, lọ́gangan ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn.”

Alágbàfọ̀ so okùn tuntun. Káfíńtà kan ìṣó, ó gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́, ó fà sẹ́yìn wò ó.

“Ṣé ó tọ́ báyìí, Ìyá Oníbàálù?”

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn.

“Ó tọ́,” ó ní. “Ó ti balẹ̀.”