Ìyá tó mú mi rìn kiri ní Jàpáànù

"Ẹ rọra o, ẹ wo ẹsẹ̀ yín." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ọmọ mi ní kó mú mi rìn kiri ní Jàpáànù máa ń wí, kódà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń gbọ́ ara wa. Kì í fi ìka kan tọ́ka sí nǹkan. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń nà sí i.

Tí a bá dé ilé oúnjẹ, á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi jẹun tán. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Àrámọkọ, oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

"Mà, ẹ wá bá mi jẹun."

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo gbé abọ́ ìrẹsì mi sílẹ̀. "Bí ẹ kò bá jẹ, èmi náà ò ní jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́!" Síbẹ̀ ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sídìí tábìlì kúkúrú náà, ó ń bá mi yọ egungun ẹja, torí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun kò gbọ́ tèmi.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mo ń jẹun," ó wí.

"Èmi náà, láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ."

Mo ti àwo ẹja sáàárín wa, a sì jọ jẹ ẹ́ tán.