Bí Mo Ṣe Kọ́ Télọ̀ fún Ìdánwò Wíwa Bàálù

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ahọ́n mi gbẹ. Èmi tí n kò wọ iléèwé rí, tó jẹ́ pé ara pátákó ìpolówó ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, èmi náà ni mo kọ́ awakọ̀ òfúrufú.

Wọ́n pe ọmọ àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tí gbogbo wa ń pè ní Télọ̀, fún ìdánwò wíwa bàálù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá kùnà ti kùnà títí ayé. Ó ku ọjọ́ kan péré. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, mò ń gbọ́ ọ láti ìta.

Mo to àpótí ìjókòó méjì síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi ni ọ̀gá awakọ̀, òun ni igbákejì. Ó ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀, tí a fi ṣe ọ̀pá ìdarí bàálù, lé iná tọ́ọ̀ṣì tí mò ń tàn kiri ara ògiri, mo sì ń ju ìṣirò lù ú.

"Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́fà!"

"Méjìlélọ́gọ́rùn-ún, Bàbá." Òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

Ó kan ìbéèrè ìwà nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ìdánwò náà. Mo kà á jáde: "Bí ọ̀gá rẹ bá ń ṣìṣe, ṣé wàá sọ fún un?"

"Èmi kẹ̀? Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún ọ̀gá? Rárá o."

"Ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́! Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Baba Ìṣó, káfíńtà tó ń tún fèrèsé wa ṣe, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ó fi ẹ̀kọ́ ilé pa gbogbo èrò inú bàálù."

Inú bí mi. Mo gbá ìdérí ìkòkò mú bí ọwọ́ ìdarí bàálù, mo gbéra. Ẹ gbà mí gbọ́, atẹ́gùn fẹ́ fìlà mi lọ.

"Òkè ń bẹ níwájú," mo kéde, "ó ga ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì."

Télọ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ó wò mí, ó wolẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀... mò ń bọ̀ nísàlẹ̀..."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú..."

"Kí ló dé?"

"Òkè ni! Ẹ gbé e sókè! Ẹ ti ṣìṣe!"

Ló bá kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí. Síbẹ̀ ó ń fa ọ̀pá ìgbálẹ̀ náà sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi gbẹ̀yìn pé mo ṣìṣe. Ẹ̀rù bà mí. Ká ní bàálù gidi ni ńkọ́?

"Dìde," mo ní. "Pa ìdáhùn yẹn rẹ́. Kọ 'bẹ́ẹ̀ ni'."

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò náà. Wọ́n gbà á.

Baba Ìṣó ṣì wà láàyè, ojúlé kejì sí tiwa. Ẹ lọ bi í. Bó bá ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀ forí lé òkè náà, ibẹ̀ nìkan ló ti purọ́.