Gèlè Tí Wọ́n Ń Tú ní Géètì Oregbeni

Aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀ kò tíì lù tí mo ti wà ní gáréèjì l'Ákùúrẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Bìní. Mo ráhùn títí kí n tó sanwó. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n ni ì bá yá, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ajínigbé, Oǹdó ló gbà já sí Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti ọ̀nà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Dúpẹ́, ló ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Òun ni alága àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin ní ilé iṣẹ́ pákó àwọn òyìnbó kan ní Oregbeni, ní Bìní. Níbẹ̀, bí iṣẹ́ bá parí, àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní géètì. Àwọn obìnrin á tú gèlè, wọn á gbọ̀n ọ́n, àfi bí ẹni pé pákó ṣeé fi gèlè wé mọ́rí. Òyìnbó kì í tilẹ̀ dúró. Àǹtí mi wá sọ fún àwọn obìnrin pé kí ẹnikẹ́ni má tú gèlè mọ́, àyàfi bí wọ́n bá ń yẹ gbogbo ènìyàn wò. Làwọn ọ̀gá bá ní kó lọ jókòó sílé, kó sì mú lẹ́tà àforíjì wá kí aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ tó lù, bí kò bá fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. Ọdún méjì péré ló kù kí Àǹtí fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà ilé ìwé ló fẹ́ kí n bá òun fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, kòtò pọ̀ ju títì lọ. Mo ń ka iye ibi tí ọlọ́pàá ti dá wa dúró. Nígbà tó pé mẹ́sàn-án, mo fi í sílẹ̀. Ní Ugbowo, níbi tí yunifásítì Bìní wà, mo wọ kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà ní, "Kóyo." Bí àwọn ará Ẹdó ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Èmi tí mo mọ ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, mo rò pé ó ń ṣahun ìkíni ni.

Àǹtí fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ dúdú àwọn ará Ẹdó, tí wọ́n fi ewúro àti efinrin sè, gbà mí lálejò.  Ìbẹ̀rù ni mo fi kọ lẹ́tà àforíjì náà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Àǹtí kà á tán. "Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣáà bẹ̀ wọ́n. Ọdún méjì ló kù."

"Ìwé ni mo ní kó o wá bá mi kọ, o wá ń bá mi kúnlẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní olóríkunkun ni Àǹtí.  Wọ́n ká lẹ́tà náà sínú báàgì wọn.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, a ti dé géètì. Àwọn obìnrin dúró nínú ọgbà, gèlè wọn le dan-in lórí. Kò sẹ́ni tó tú u, kò sì sẹ́ni tó jáde. Osaro, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ń làágùn. Jíìpù ọ̀gá òyìnbó wá láti inú ọgbà, ó fẹ́ jáde, ó fun fèrè. 

Ọ̀gá sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bèèrè lẹ́tà. Àǹtí ní kò sí lẹ́tà. Àǹtí wá kọjú sí Osaro, wọ́n nàka sí jíìpù ọ̀gá.

"Osaro, search am."

"Màámì, na my work you wan spoil so?"

Àǹtí Dúpẹ́ bá fọwọ́ ara wọn tú gèlè wọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n nà án sí i. N kò rí wọn lórí òfo níta rí. Irun wọn ti funfun tán. Omi bọ́ lójú mi. Àǹtí ní, "I don do my own. E remain oga."

Osaro wo àwọn obìnrin náà. "My mama sef dey that line," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn jíìpù. "Oga, abeg, open your boot."

 Mo rò pé ọ̀gá yóò wa mọ́tò náà lu géètì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣí i. Agbòòrùn àti bàtà ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó hó yèè. Ìyá Osaro ló kọ́kọ́ tú gèlè rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀ padà, Àǹtí fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́. "Gba ẹrù rẹ." A kò tíì mọ̀ bóyá Àǹtí ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Àǹtí pè mí, mo wà ní ilé ìwé. "Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ o. Gbogbo wa pátá, àtòyìnbó, ni wọ́n ń yẹ̀ wò báyìí." Ayọ̀ ni mo fi jáde. Ní géètì ilé ìwé wa, àwọn agbálẹ̀ tò, wọ́n ń ṣí báàgì wọn fún Bàbá Géètì, bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Àwa tíṣà kì í dúró. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọjá lára wọn, tí n kò bojú wò wọ́n.

Mo lọ tò sẹ́yìn wọn.

Bàbá Géètì ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, mà? Ẹ máa kọjá lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ṣí báàgì mi. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà ló kọ́kọ́ yọ jáde. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò kúrò lórí ìlà.