Káàdì Bàbá Mi Nílé Bàbá Eccles

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Manchester láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì.

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù kan ní àdúgbò Levenshulme. (Ẹ má pè é ní tòkunbọ̀ o. Òkè òkun náà la wà!)

Lọ́jọ́ kan, mo fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́! Mo wo orúkọ òǹkọ̀wé. Orúkọ bàbá mi ni! Tíṣà ni wọ́n, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ láyé wọn, lórí àwọn ẹyẹ agbègbè wa. Wọ́n ti kú, ikán sì ti jẹ ẹyọ kan tó kù nílé. Èmi fúnra mi kò kà á rí.

Mo ṣì ń wo orúkọ náà nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí àgbà ni?"

Bàbá tí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń pè ní Bàbá Eccles ni. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Eccles, ìlú kan lẹ́bàá Manchester, ni wọ́n ń gbé, ìwé àtijọ́ ni wọ́n sì ń kó jọ. Kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé yóò ṣe? Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kí n tó dìde, ìwé ti wà lábẹ́ abíyá wọn!

Mo bẹ̀ wọ́n pé bàbá mi ló kọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá ta ni kò kọ̀wé? O gbé e sílẹ̀, mo mú un. Àbí o fẹ́ bá mi fa nǹkan lójú òyìnbó?"

Oníṣọ́ọ̀bù ti ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Wọ́n sanwó, wọ́n lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo wá wọn lọ sílé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dà á kọ. Wọ́n ní ìwé wọn kì í jáde, àfi kí n jókòó sójú wọn. Sátidé mẹ́rin gbáko! Omi lásán, wọn kò fi lọ̀ mí. Bí mo bá ti fẹ́ ṣí ojú ewé, wọ́n á ní, "Rọra o! Ṣé ọwọ́ rẹ mọ́?" Èmi náà kì í sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, wọ́n mú káàdì kan wá. Gbogbo òǹkọ̀wé tó wà nílé wọn ló ní káàdì tirẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sórí ti bàbá mi pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni, pé akọ̀wé kóòtù ni. Irọ́ ni! Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi, tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi kú.

Ohùn Bàbá Eccles wá rọ̀. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wádìí ọkùnrin yìí. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ lóòótọ́, wò ó fún mi. Ṣé ó tọ̀nà?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. "Ó tọ̀nà, sà."

Inú mi dùn nínú bọ́ọ̀sì! Mo ti gbẹ̀san, àbí?

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo gbọ́ pé Bàbá Eccles ti kú, pé àwọn ọmọ wọn ti kó ìwé àti káàdì fún ilé ìkàwé kan. Mo wádìí títí, kí n lè tún káàdì náà ṣe, ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí wọ́n kó o fún.

Èmi náà di tíṣà bíi bàbá mi, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi bírò pupa tún àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Èyí tó kan bàbá tó bí mi, èmi gan-an ni mo máàkì í pé ó tọ̀nà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bínú sí ẹni tó bá ṣẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi òótọ́ du ẹni tó bá béèrè. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí ìwé ará ilé yín níbi tí ẹ kò rò rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé náà, àti ìlú rẹ̀, bó ṣe rí gan-an.