Ohun Tí Mo Gbọ́ ní Ọwẹ́nà

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá bó ṣe yẹ ni mo fi ń rántí ọdún náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára wa, a ṣì ń kọ́ ẹnu wa bí yóò ṣe máa pe Ìpínlẹ̀ Oǹdó tuntun, epo sì wọ́n bí ojú. Ọkọ mi ló ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìlú-Àbọ̀, kò jìnnà sí Àkúrẹ́ níbi tí à ń gbé. Èmi ni mo ń tà á ní Oǹdó, ìlú tí wọ́n bí mi sí, ní ìsọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Píkọ́ọ̀pù funfun kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ wa àkọ́bí ló so oko mọ́ ọjà. Lọ́sẹ̀ kan, ìlà ilé epo dá wa dúró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tàwa tẹrù. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa tutù yọ̀yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, eṣinṣin nìkan ló ń bá wa ná an. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo ayé, mo sì búra pé n kò tún ní í tò fún epo mọ́ láyé mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà mọ̀ pé bí mo bá ti búra, ó parí nìyẹn.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í búra. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ṣùgbọ́n bí kò bá ti kọrin, ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. Ilé wa sì kún: ọmọ mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ méjì, àti ìyá rẹ̀ tí kì í sùn bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí tọkọtaya tó sọ gbólóhùn méjì, ẹnìkan á ti bá wọn dá sí i. Nítorí náà, iwájú ọkọ̀ ni yàrá wa. Bí a bá ti kúrò ní Àkúrẹ́, tí ilé ń tán tí igbó ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé olùkọ́ lòun fẹ́ dà kí bàbá rẹ̀ tó kú, tí oko fi já lé e lórí. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo lóyún ọmọ wa àbígbẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo ilé ń pè mí ní Mọ́mì, òun náà ń bá wọn pè é bí a bá wà láàárín èrò. Nínú ọkọ̀ nìkan ló ti ń pè mí ní aya mi, á sì pè é bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi wọlé ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìlà epo ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa nọ́kì. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní Àkúrẹ́ pè wá, ó ní òun ti rí tòkunbọ̀ méjì tó bá ọkọ̀ wa mu, kí a wá yan èyí tó wù wá. A bá méjèèjì lórí táyà àlòkù, wọ́n jókòó bí ìyàwó méjì tó ń retí ọkọ.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni mẹkáníìkì wí, ó sì na ọwọ́ sí wọn. "Eléyìí ń mu pẹtiróòlù. Ara rẹ̀ fúyẹ́, kò ní ariwo, ibi tó bá sì ti dákú sí, ẹ ó rí ẹni tó máa jí i. Dísù ni tọ̀hún ń mu. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Kì í jẹun púpọ̀, òkè kì í bà á lẹ́rù, dísù ò sì ní ìlà báyìí. Àléébù rẹ̀ kan ò ju pé ó lẹ́nu."

Ọkọ mi ti lóṣòó ti oní-pẹtiróòlù, ó ń fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀. Ó ní èyí lòun fẹ́. Mo bi í pé nítorí kí ni, ṣé ìlà ọjọ́ mẹ́ta kò tíì tó o ni?

"Mi ò fẹ́ ọkọ̀ tí ò ní í jẹ́ ká gbọ́ ara wa," ló fi jẹ́jẹ́ wí.

Bí mo bá lè padà sí ọjọ́ kan láyé mi, ọjọ́ náà ni mo fẹ́ padà sí, kí n fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ṣé ọ̀rọ̀ la fẹ́ máa kó lọ Oǹdó ni, àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Gbogbo ìsọ̀ mẹkáníìkì fi ẹ̀rín sí i, mo sì fẹ́ràn kí n pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti dọ̀tí, ó dìde. Ó ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń yọ àdá bẹ́, kí wọ́n gbé oní-dísù wọlé. Mo rò pé mo borí ni. N kò mọ̀ pé ó ti bẹ̀ mí fún nǹkan kan, tí n kò sì fún un.

Kí n má purọ́, ẹ́ńjìnnì náà ṣe bẹbẹ. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá ń tò níwájú ilé epo bí ọmọ iléèwé, a ó kọjá lára wọn, a ó rọ dísù wa, ó di Oǹdó. Ó gbé ẹrù ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa sì ń dé ọjà ní tútù. Àwọn obìnrin ọjà wa a máa gbọ́ wa kí wọ́n tó rí wa, wọn á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ mi ń ké ju ọkọ mi lọ. Inú mi á dùn, mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ jèrè, kó gba ariwo mọ́ra. Ẹ ò rí i pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ kò jẹ́ yàrá wa mọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, dígí ń gbọ̀n, eyín ń gbọ̀n lẹ́nu ẹni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ mi gbìyànjú. Á sọ gbólóhùn kan, mo ní, "Ẹ ní kí ni?" Á tún un sọ, mo tún ní, "Ẹ ní kí ni?" Nígbà tó bá fi máa pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, adùn ti lọ níbẹ̀, nítorí àpárá kì í ṣe ohun tí à ń kígbe. Mo rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Kí n má bàa máa mú kó tún ọ̀rọ̀ sọ, mo kọ́ ọgbọ́n kan. Bí mo bá rí i pé ètè rẹ̀ ń mì, màá mi orí, màá ní, "Hẹn." Bó bá rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Bó bá fajú ro, mo pòṣé. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mo gbàgbé pé irọ́ ni. Ọdún méjì ni mo fi dáhùn hẹn sí ohun tí n kò gbọ́, òun náà sì ń dín ọ̀rọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ọ̀nà nìkan là ń wò láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó.

Ọjọ́ ọjà kan ni, lásìkò ọyẹ́, ní òwúrọ̀. A di ẹrù tán ní Ìlú-Àbọ̀, mo rí i pé ó jókòó lórí òkúta kan kó tó wọ ọkọ̀, mo sì pariwo pé ọjà ń dúró dè wá. A la Àkúrẹ́ kọjá. Nígbà tí a dé Ọwẹ́nà, tí a kọjá lórí afárá, tí ẹ́ńjìnnì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé ẹrù lọ sókè, ọkọ mi yọ ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárì, ó gbé e lé igbá àyà rẹ̀, ó yíjú sí mi. Mo rí ètè rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. "Aya mi," ló wí.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ara mi yá gágá bí ti ọmọge. Mo fi ọwọ́ gbá a léjìká, mo sì fi gbogbo ohùn mi dáhùn pé, "Hẹn, ọkọ mi!" Ó ń wò mí. Ó tún sọ nǹkan kan, gbólóhùn kúkúrú kan, èyí ni n kò gbọ́ rárá. Mo rẹ́rìn-ín, mo mi orí, mo ní, "Hẹn." Ó yíjú padà sí ọ̀nà, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.

Ó wà wá dé ọjà Oǹdó. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo ti bẹ́ sílẹ̀, mo ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń bá àwọn alábàárù jà nítorí bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi sílẹ̀. A sọ ẹrù náà kalẹ̀ tó ìdajì kí ẹnìkan tó pè mí pé kí n wá wo bàbá tó wà níwájú. Mo bá a tó dorí kọ sítíárì, òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

A gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ṣì ń mí. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni, àti pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dédé dé, ó máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó bi mí bóyá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àyà ń dun òun. Mo dúró níbẹ̀, mo fi ìdánilójú dáhùn pé kò sọ, pé bí ó bá sọ, èmi ni ì bá kọ́kọ́ sọ fún.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, ó fà mí mọ́ra. "Mo sọ fún ẹ," ló wí. "Ní Ọwẹ́nà. Mo ní àyà mi. O ní hẹn."

Àyà ló wí. Aya ni mo gbọ́. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn lásán tí ọmọ ọdún méjì mọ̀, ẹ́ńjìnnì tí mo fi ẹnu ara mi yàn sì ti gbé ohùn náà mì. Mo ń sunkún, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún, ó di àyà mú.

"Méjèèjì náà ni," ló wí.

Mo bi í pé kí ni gbólóhùn kejì, èyí tó tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó di ojú, ó ní, "Fi sílẹ̀. A ti kọjá Ọwẹ́nà." Ó lo ọ̀sẹ̀ kan lé ọjọ́ kan lórí ibùsùn náà kó tó fi ayé sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi í, kò sì sọ fún mi.

Mo ti di arúgbó báyìí. Wọ́n ní gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, èmi náà ò rí i ṣe. Mo ti fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ dí àlàfo gbólóhùn náà. Ọjọ́ mìíràn, mo ní ó ní kí a dúró. Ọjọ́ mìíràn, mo ní ó ní kí n má bẹ̀rù. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, hẹn ni ìdáhùn mi, mo sì mọ̀ pé hẹn kọ́ ló yẹ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi àbígbẹ̀yìn wá bá mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń sin adìyẹ ní Ìjàrẹ́, wọ́n fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù. "Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, èwo ló dáa jù, pẹtiróòlù àbí dísù?" Mo bi í pé àwọn wo ni yóò máa jókòó síwájú. Ó ní òun àti ọkọ òun ni. Mo ní pẹtiróòlù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní dísù ayé òde òní kì í pariwo bíi tàtijọ́ mọ́.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nígbà náà. Kí ọkọ rẹ̀ di ẹrù kún un, kó wà á gun òkè, kí òun sì fi jẹ́jẹ́ sọ pé, "Àyà mi," kó wá bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló gbọ́.

Ó ní, "Bó bá ní aya lòun gbọ́ ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n má rà á. Kò bi mí ní ìdí, èmi náà ò sì sọ, nítorí n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ Ọwẹ́nà fún ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ mi rí. Bó bá ka èyí, yóò mọ̀.