Ọkùnrin Tó Wá Wọn Ilé Mi ní Ìlaró

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi obìnrin sọ pé òun ti rí ọkọ, tí ọkọ náà sì jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìwádìí. Kò sí ẹbí tó mọ ohun tó ń ṣe ní agbègbè wa tí í gbé ìyàwó láìrán ẹnì kan lọ wo ilé tí ọmọ náà ti jáde. Wọn a fẹ́ mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá bàbá jẹ́ onígbèsè, bóyá ìyá jẹ́ oníjà. Ti wèrè àti ti ìjà kò bà mí lẹ́rù. Ilé mi gan-an ni mo ń tijú.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Yàrá mẹ́ta ni ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé kejì sí, oníyàrá mẹ́fà, tí mo fẹ́ fi háyà fún àwọn ayálégbé. Ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ga kọjá fèrèsé ni agbára mi pin. Kò lórùlé, kò nílẹ̀kùn. Ìyàwó mi gbin kókò sínú àwọn yàrá náà, kókò ọ̀hún sì ń ṣe dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣáàtì tó gún régé kan ilẹ̀kùn. Fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀, téèpù ìwọnlé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Wọ́n ní kí n wá wo ilé yín ni. Ibi tí mo ti wá…”

“Má wulẹ̀ ṣàlàyé,” ni mo wí. “A ti ń retí yín.”

Ẹnu yà á. Ó jọ pé kò sí ilé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Èmi ní tèmi, téèpù yẹn ló yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo rò pé ará Ìmẹ̀kọ kì í fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣeré.

Ó béèrè iye yàrá. Mo ní mẹ́sàn-án. Ó na ọwọ́ sí ògiri tó yọrí lẹ́yìn, ó béèrè bóyá ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Mo ní ayálégbé kún un bámúbámú. Ó ní òun fẹ́ yọjú síbẹ̀. Mo ní ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò yẹ kí àlejò já wọlé tọ̀ ọ́. Kí ó tó parí, mo ti sọ kànga aládùúgbò di tèmi. A fún un ní iṣu àti ẹyin, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tó lọ, ìyàwó mi ní, “Dádì, ẹni tó wá wádìí ìyàwó yìí kò mà béèrè ọmọ wa o.”

Mo ní kò yé e.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni ìwé owó orí ilé ti ọdún náà dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń san owó yìí, mi ò ka ìwé rẹ̀ rí. Iye tó wà nísàlẹ̀ ni mo máa ń wò, màá kùn, màá sì san án. Lọ́tẹ̀ yìí, iye náà mú mi jókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti òkè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe owó tó wà lápò mi ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe ohun tí ilé náà lè mú wọlé lọ́dún bí a bá fi háyà. Yàrá ayálégbé sì wọ́n ju èyí tí onílé ń sùn sí. Yàrá mẹ́sàn-án mi wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú kànga. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n ka ìbéèrè yé kí wọ́n tó dáhùn!

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àìmẹ́nu, àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.”

Ìwé náà ní ẹni tí ìdíyelé náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ lẹ́tà, wọn yóò sì tún wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya lẹ́tà mi. Báwo lènìyàn ṣe ń kọ ọ́ pé òun ló parọ́ mọ́ ilé ara òun? Níkẹyìn, mo kọ ọ́ pé “àṣìṣe díẹ̀ wáyé.”

Ọkùnrin onítéèpù ọjọ́sí ni ìjọba ìbílẹ̀ tún rán wá. À ń yí lọ sẹ́yìn ilé lọ́wọ́ ni ọ̀kadà dúró níwájú ilé. Màmá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé búrẹ́dì gígùn méjì láti òdìkejì bọ́dà dání. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ọmọ mi, láti Ìmẹ̀kọ. Kí n tó rí ọgbọ́n dá, ó ti tẹ̀ lé wa dé ibi kókò.

Ọkùnrin náà ṣí fáìlì, ó kà á sókè ketekete. “Bàbá, ẹ ní yàrá mẹ́fà ló wà lẹ́yìn níbí, ayálégbé kún un, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Níbo ni wọ́n wà?”

Màmá wo kókò, ó wò mí. Bí obìnrin yìí bá padà lọ sọ ní Ìmẹ̀kọ pé òpùrọ́ ni bàbá ìyàwó, ọmọ mi ló máa sunkún. Ó rọrùn láti sọ pé ọkùnrin náà ló kọ ọ́ ṣì. Ta ni yóò gbà á gbọ́ ju tíṣà àgbà lọ? Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó jẹ iṣu mi tó sì dúpẹ́ ni, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Irọ́ ni mo pa,” ni mo wí. “Màmá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an.”

“Kí wá ni kí n kọ báyìí, Bàbá?”

“Ohun tí o rí ni kí o kọ.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Màmá ní, “Àna wa, a ti ṣèwádìí yín tán tipẹ́. Wọ́n sọ fún wa pé ilé ẹ̀yìn yín kò lórùlé. Wọ́n tún sọ pé ẹ kì í purọ́.” Ó tún wo òkè, ibi tí òrùlé ì bá wà. “Ti òrùlé yẹn, òótọ́ ni wọ́n sọ.”

Ìyàwó mi ti dé ẹ̀yìn wa. Màmá kó búrẹ́dì méjèèjì lé e lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ ìdána ni òun wá bá wa dá. Ó wá yíjú sí mi.

“Ọmọ yín tí a fẹ́ gbé yìí, ta ló jọ?”

“Ìyá rẹ̀ ni, Màmá,” ni mo yára dáhùn. “Ìyá rẹ̀ ló jọ.”