Ọ̀rá Tí Màmá Mi Tú

Òórùn ẹja díndín ló máa ń mú mi rántí mọ́tò ńlá yẹn. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹja nínú òróró gbígbóná, ọkàn mi a padà sí iwájú ilé wa ní Aurora, ní ìlú òyìnbó níbí, níbi tí a gbé e sí, tó gùn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ títì. RV ni àwọn ará ibí ń pè é: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì, ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. A háyà rẹ̀ nítorí màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, kí a lè jọ lo ọjọ́ mẹ́rin nínú igbó kan lẹ́bàá adágún, níbi tí kò sí iná, tí kò sí omi ẹ̀rọ.

Ẹnu ya Màmá nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ẹ fi ibi tí iná wà sílẹ̀, ẹ wá ń wá ibi tí kò sí lọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbọ́njú ní Ìbàdàn kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ àìsíná, kó fọkàn balẹ̀. Mo fọ́nnu lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò, a fẹ́ dán mọ́tò náà wò. A yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná ilé, a ní kí a lò ó títí di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni pé inú igbó la wà. Màmá gba ìdí sítóòfù, ó ń dín ẹja tí a máa kó lọ. Kò pẹ́ tí áláàmù òkè orí wa, èyí tí wọ́n ṣe nítorí iná àti afẹ́fẹ́ olóró, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí a ń gbé fúláàtì ní Uptown, kò sí ọjọ́ tí a dín ata tí áláàmù kò ké, ọ̀rá la sì fi ń dì í lẹ́nu. Mo wá ọ̀rá kan tó mọ́, mo fi bò ó, mo fi rọ́bà dè é pinpin. Ariwo dákẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, òjò bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, tó ń fún mọ́tò náà níná, wà lórí koríko. Mo wọ́ ọ wá sábẹ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, lábẹ́ fèrèsé gan-an, mo fi ṣéènì so ó mọ́ àtẹ̀gùn kí olè má baà gbé e. Ta ló fẹ́ jí jẹnẹrétọ̀ gbé lọ́sàn-án gangan níwájú ilé wa? Ọwọ́ mi ti ṣe é kí orí mi tó rò ó. Màmá ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé ṣí díẹ̀, torí kò fẹ́ràn ibi tó bá há. Èmi lọ fa rọ́bà omi lẹ́yìn ilé.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo tún gbọ́ áláàmù. Inú bí mi, mo rò pé ẹja ni, àfi bí mo ṣe rántí pé ẹja ti tán lórí iná, àti pé mo ti di áláàmù yẹn lẹ́nu. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti sáré jáde láti inú ilé. "Ẹ off gen yẹn now. Carbon monoxide ni, ẹ gbé Màmá jáde." Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo wọlé, mo gbé ìyá mi lọ́wọ́ méjèèjì bí ọmọ ọwọ́. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́, èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Panápaná tó dé sọ pé ká ní ó sùn níbẹ̀ fún wákàtí kan sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Mo jókòó sínú omi òjò.

Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ní ọsibítù, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí a délé nírọ̀lẹ́, mo béèrè ẹni tó tú ọ̀rá náà. Màmá wolẹ̀.

"Èmi ni. Ọ̀rá tó mọ́ ni, mo fi di ẹja tó kù. Má bínú, mi ò mọ̀ pé ò ń lò ó."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún un, mo sì ń sunkún. Ó ní Alhamdulillahi, ó wá béèrè bóyá a ti gbé ẹja sínú fíríìjì.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ọ̀rá: á fọ̀ ọ́, á sá a, á ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Àwa méjèèjì la kó ìwà ilé wá sí ìlú òyìnbó. Tèmi, ìbẹ̀rù olè àti kí áláàmù ṣáà dákẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Tirẹ̀, kí ohun tó wúlò má ṣòfò, ló gbà á là. Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a wá lọ sí igbó náà. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà réré, mo fi wáyà gígùn fa iná rẹ̀ wá, n kò sì so ó mọ́ nǹkan kan. Màmá yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó títí.

"Ṣé wọn ò ní jí i gbé báyìí?"

"Kí wọ́n máa gbé e lọ, Màmá."